Ta Ló Ń Yan Ọ̀nà fún Àwọn Ọmọ Ilé Àṣẹ?

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà wa tó sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ilé tí a bí ọmọ sí ló ń fún un lórúkọ, orúkọ náà a sì máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n ní Bàhíà níbí, ó jọ mí lójú pé kì í ṣe nítorí orúkọ nìkan ni a ṣe ń wo ilé mọ́. A ń wo ilé, a ń wo àdúgbò, a ń wò ó bóyá akọ ni tàbí abo, a sì ń ti ibẹ̀ pinnu iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe, ìwé tí yóò kà àti ibi tí yóò máa gbé, kí ọmọ náà tó la ẹnu sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí. Mo mọ̀ pé yóò ta àwọn kan lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Àwa ọmọ òrìṣà gbà pé olúkúlùkù ló kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀ kí ó tó wá sáyé. Kò sí ibi tí mo ti gbọ́ pé nílé Àjàlá, orí ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, ti obìnrin sì wà lápá òsì. Orí ni orí ń jẹ́. Nínú èdè wa pàápàá, "ó" ni ọkùnrin, "ó" náà ni obìnrin. Ẹni tó bá ṣáájú wa dé ni ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dé lẹ́yìn wa ni àbúrò. Ilé àṣẹ Bàhíà sì pa èyí mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Nàìjíríà wá ti rò lọ. Ebômi tí wọ́n ń pe àgbà níbí, "ẹ̀gbọ́n mi" ni. Ọdún tí ènìyàn ti lò láti ìgbà tí wọ́n ti fi orí rẹ̀ fún òrìṣà ni wọ́n ń kà fún un, kì í ṣe ọdún tó ti lò láyé. Ọmọbìnrin ogún ọdún tó ti ṣe ètùtù ọdún keje lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún bàbá ọgọ́ta ọdún tó wọlé lánàá. Iaô náà, "ìyàwó" ni, ọkùnrin tó bá wọlé kò sì ní orúkọ mìíràn, ìyàwó òrìṣà lòun náà. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin a máa di irun wọn bí obìnrin, kò sì sí ẹni tí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé bí a bá wo àwọn ọmọ wa ní ọdún 15 sí 20, a lè fi ojú lásán mọ ibi tí ọ̀pọ̀ wọn yóò já sí?

Iṣẹ́ tí a pín nílé àṣẹ kò fara sin. Ọmọkùnrin tí òrìṣà kì í gùn a di ogan, èyíinì ni ọ̀gá. Ọmọbìnrin tí òrìṣà kì í gùn a di ekedi, èyíinì ni èkejì. Ọ̀gá ló ń lu ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló ń di ọ̀bẹ mú. Èkejì ló ń nu òógùn ojú òrìṣà, òun ló ń wọ òrìṣà láṣọ, tó ń tọ́jú ẹni tí òrìṣà ti gùn tí ó rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ohun tí òrìṣà bá kà léèwọ̀, èèwọ̀ ni, kì í ṣe èmi tí mo ń kọ́ni ní èdè ni yóò tú u. Ohun tí mo rí ni pé ìpín yìí kì í dúró sínú ilé àṣẹ. Ó ń tẹ̀ lé ọmọ jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó ń bá a wọ bọ́ọ̀sì, ó ń bá a dé ilé ìwé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìpè nìkan. Bí wọ́n bá ti fi ọmọbìnrin ọdún 13 ṣe èkejì, àwọn àgbààgbà a bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìyá. Wọ́n á tọrọ ìre lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀. Iyì ńlá ni. Mo ti rí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń tàn bí òṣùpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pè ní ìyá, ìyá náà ni yóò máa ṣe. Ta ni yóò ṣa ewébẹ̀? Ìyá. Ta ni yóò lọ aṣọ funfun ènìyàn ogójì kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta? Ìyá ni. Nígbà tó bá sì délé, ìyá tó bí i wà níbi iṣẹ́, àwọn àbúrò mẹ́ta wà nílẹ̀, ìyá àgbà wà lórí ibùsùn, gbogbo wọn sì ti mọ̀ pé ọmọ yìí lọ́wọ́ ìtọ́jú, àbí òrìṣà kọ́ ló yàn án sí i? A ti fi oyè tí òrìṣà fún un sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní bàbá, ní tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti lu ìlù tán, ó di orí àga, ó di àwo oúnjẹ tí ẹlòmíràn gbé wá.

Ní ọdún 2012, ìjọba Bùràsíìlì ṣe òfin pé kí ìdajì àyè tó wà ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti àwọn tó kàwé ní ilé ìwé ìjọba, kí wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn onílẹ̀ àtijọ́. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2023, wọ́n fi àwọn ọmọ quilombo kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn ìyá wọn kò ríwèé kà ló ti gba ibẹ̀ wọlé. Ìdánwò tó ń ṣí ilẹ̀kùn náà ni Enem, lọ́pọ̀ ọdún, ọjọ́ Àìkú méjì tó tẹ̀ léra nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é. Agogo kan ọ̀sán ti Brasília ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó di ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ṣiré, pé iṣẹ́ ilé ìdáná ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, pé ẹni tó ń fọ ìkòkò kì í sùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì Yorùbá wa. Ìkòkò ló fọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ó dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tì í, ó wọlé, ó jókòó, ó sì sun oorun lórí ìwé ìdánwò. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un dúró ní ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó máa lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí apá wọn le bí igi wà nínú àgbàlá, wọ́n ń fi fóònù ṣeré. Ṣé òrìṣà ló sọ pé ọwọ́ ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ kan ọṣẹ?

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń bú ilé obìnrin. Wọ́n á rán mi létí pé ní Salvador, obìnrin ló ni àṣẹ. Òótọ́ ni. Nígbà tí Ruth Landes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wá síbí ní 1938, ohun tó rí yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pe ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1947 ní ìlú àwọn obìnrin. Casa Branca, Gantois, Opó Àfọ̀njá, àwọn ìyá ló tò wọ́n. Àwọn obìnrin tó ń ta àkàrà lójú pópó, tí àwọn ará ibí ń pè ní acarajé, ni wọ́n fi owó àkàrà ra òmìnira ara wọn àti ti àwọn ọmọ wọn nígbà oko ẹrú. Ní 2005, ìjọba kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìyá tó wà lórí àga nílé àṣẹ, obìnrin kan ni. Àwọn tó wà nídìí ìkòkò ogún. Ọ̀nà àkàrà tó dá ìyá ìyá wa sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí a là fún ọmọ ọmọ rẹ̀, ṣé òmìnira la tún ń pè é?

Iṣẹ́ kejì tó ń dúró de àwọn ọmọbìnrin wa ni iṣẹ́ inú ilé onílé. Bíi mílíọ̀nù 6 ènìyàn ló ń ṣe é ní Bùràsíìlì. Nínú mẹ́wàá wọn, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ obìnrin, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù. Láti 1936 ni Laudelina de Campos Melo ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìlú Santos, síbẹ̀ ó di 2013 kí wọ́n tó tún òfin ilẹ̀ ṣe fún wọn, ó sì di 2015 kí òfin tó là á yéni yékéyéké. Òfin 2015 yìí kan náà kà á léèwọ̀ kí a gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sí iṣẹ́ inú ilé. Àmọ́ òfin kì í wọ yàrá. A ṣì ń rí ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé wá sí Salvador "láti ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́", tí wọ́n ní yóò lọ ilé ìwé, tí ilé ìwé kò sì dé. Àwa ará Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ gbé imú sókè nípa èyí, nítorí a mọ ọmọ ọ̀dọ̀ dáadáa. Kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò sí.

Ibi tí a ń gbé tún ń dá sí i. Ẹ wo Cachoeira, ìlú kékeré etí odò tó fi ohun tó lé ní 100 kìlómítà jìnnà sí Salvador, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá Boa Morte wà. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ibẹ̀ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, àfi kí ó kó ẹrù lọ sí Salvador. Ọmọkùnrin a lọ, wọ́n á ní "ọkùnrin ni, yóò rí ibi sùn sí." Ọmọbìnrin a dúró. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ni. Ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ta ni yóò sì dúró ti ìyá? Ní 2005 wọ́n dá yunifásítì Recôncavo sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀ka kan sí Cachoeira gan-an. Kò sí ẹni tó yí ọkàn àwọn òbí padà, wọ́n kàn gbé ilé ẹ̀kọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà wọn ni. Àwọn ọmọ tí a rò pé wọn kò fẹ́ ìwé wá di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọmọ kan "yan" láti jókòó sílé. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, owó bọ́ọ̀sì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin, torí bí a bá ti dárúkọ akọ àti abo, àwọn kan a rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni. Ohun tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní àdúgbò wa ni pé kí ó tètè wá owó, kí ó má sì sunkún. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọdún 16, ó gun alùpùpù, ó ń gbé oúnjẹ kiri ilé àwọn olówó títí di òru. Kò sí ẹni tó sọ pé kí ó wá tọ́jú ìyá àgbà, kò sí ẹni tó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú ara ẹni. Nílé àṣẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá ni, àgbà ń kí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá ti dá a dúró, ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọwọ́ lé orí tí a fi ẹ̀jẹ̀ àti omi ìtura bọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2015, ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ 12 ní Vila Moisés, ní agbègbè Cabula tí Opó Àfọ̀njá náà wà. Àwọn ìyá kan nínú wa ń sọ pé ìlù ló gba ọmọ àwọn lọ́wọ́ ìgboro, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó ń kọ́ rum fún ọdún mẹ́fà, tó ń kọ́ orin òrìṣà mẹ́rìndínlógún, kò ní àyè ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìlù ńkọ́? Mélòó nínú àwọn alágbè wa ló mọ̀ pé iṣẹ́ orin wà ní yunifásítì? Mélòó la ti jókòó bá sọ̀rọ̀ pé ọkùnrin lè ṣe nọ́ọ̀sì, pé ọkùnrin lè kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́?

Ní ti ìlù fúnra rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ní 1993, Neguinho do Samba, tó ti kọ́ Olodum ní ìlù, dá Didá sílẹ̀ ní Pelourinho, ẹgbẹ́ onílù tó jẹ́ ti àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin. Ní Kúbà, láàrin àwọn ọdún 1990 kan náà, àwọn obìnrin kan ní Havana dá Obini Batá sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sọ pé àwọn fẹ́ gba ìlù mímọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin. Orí ìtàgé àti òpópónà ni wọ́n ti ń lù. Ariwo pọ̀ nígbà yẹn, àwọn kan ní ayé ti bàjẹ́. Ayé kò bàjẹ́. Àwọn ọmọ tí ilé nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá rí ìta, wọ́n rí owó, àwọn mìíràn nínú wọn rí ìlú òkèèrè. Ẹ ṣàkíyèsí pé èèwọ̀ dúró níbi tó wà, ọ̀nà mìíràn sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ sókè. Ọmọ tó bá fẹ́ fi orí fún òrìṣà lónìí gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀. Yóò wọ iyàrá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jáde, orí rẹ̀ ti di fífá, kele wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ funfun ni yóò máa wọ̀, orí ẹní ni yóò ti máa jẹun, nínú ọ̀pọ̀ ilé, fún oṣù mẹ́ta. Ọmọkùnrin tó fá orí, ta ló ń wò ó? Idaji àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú ló fá orí. Ọmọbìnrin tó fá orí, gbogbo bọ́ọ̀sì ló mọ̀. Ní 2020, ní Araçatuba ní ìpínlẹ̀ São Paulo, wọ́n gba ọmọbìnrin ọdún 12 kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí pé wọ́n fá orí rẹ̀ fún òrìṣà, kí ilé ẹjọ́ tó dá a padà fún un. Irú ẹ̀rù yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa sún ọjọ́ náà síwájú, títí wọn yóò fi rí iṣẹ́ tí ọ̀gá kò ní lé wọn, títí wọn yóò fi kúrò nílé ọkọ tí kò gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lè pé ogójì ọdún kí ó tó rí oṣù mẹ́ta fún orí ara rẹ̀. Ìka ọdún tí a ń fi ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí mo yìn lókè, kò wá bá gbogbo ènìyàn dọ́gba mọ́.

Síbẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun ni mo ń béèrè. Ìyá Aninha, Eugênia Anna dos Santos, tó dá Opó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910, ni gbogbo ènìyàn ń rántí pé ó fẹ́ rí àwọn ọmọ ilé náà lẹ́sẹ̀ Ṣàngó pẹ̀lú òrùka àwọn tó kàwé gboyè lọ́wọ́ wọn. Kò sọ pé àwọn ọmọkùnrin nìkan. Ilé ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé àṣẹ náà títí dòní. Ìyá Stella, tí wọ́n bí ní 1925, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi orí rẹ̀ fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní 1939. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di ìyálórìṣà ní 1976, ó kọ ìwé, wọ́n sì gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Bàhíà ní 2013, ọdún márùn-ún kí ó tó re ibi àgbà ń rè. Ẹnì kan ní láti ti fún un ní àyè láti kàwé. Ẹnì kan ní láti ti fọ ìkòkò tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò.

Ilé wa ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá wa sì ti fọwọ́ sí i. Láti oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀, kò ní sí ṣiré ní ọjọ́ Àbámẹ́ta méjèèjì tó ṣáájú Enem, ọmọ tó bá sì fẹ́ ṣe ìdánwò kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ogan ni yóò máa fọ ìkòkò lẹ́yìn ọdún, àfi ohun èlò tí òrìṣà kò fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn, àwọn àgbà sì ti ka wọn sílẹ̀: wọn kò ju mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá jáde láti iyàrá, ilé yóò kọ lẹ́tà fún ilé ìwé tàbí ọ̀gá rẹ̀, a ó sì fi orúkọ agbẹjọ́rò sí i. Ilé tó bá ti ń ṣe irú nǹkan báyìí tẹ́lẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa kí a lè mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é, pàápàá ọ̀rọ̀ ìkòkò, nítorí àwọn ogan wa ṣì ń kùn.